Iná Kékeré ní Ọrùn Ẹsẹ̀ Bilkis

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Bilkis fi ń tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán ní ìsọ̀ kan ní Rumuigbo, ní Port Harcourt. Obìnrin tí kì í kánjú ni. Ibi tí télọ̀ mìíràn bá ti rán lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ń rán an, nítorí ó ní ọmọdé kì í wọ aṣọ, ìjà ni wọ́n ń bá a jà. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2014, ó ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọkùnrin kan, ló bá rí i pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó rò pé bẹ́líìtì rẹ̀ ló já. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó; bẹ́líìtì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wà lórí pẹ́dà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfìgbà tó fi ojú rí i.

Ẹsẹ̀ náà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú, ojú rẹ̀ òsì ti ṣe bàìbàì bíi dígí tí èémí fẹ́ sí, òun náà sì là padà. Kò sẹ́ni tó so ọ̀ràn ojú pọ̀ mọ́ ọ̀ràn ẹsẹ̀.

Misbaudeen ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, Misbau ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ríwáyà ni, ẹni tó ń tún wáyà àti bátìrì ọkọ̀ ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Ọdún 2005 ni wọ́n so yìgì, tí wọ́n sì kó wá sí Port Harcourt. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Aaliyah, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí Pidgin dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Aláwàdà ni Misbau. Bí inú bá ń bí ìyàwó rẹ̀, á lọ fi iwájú orí kan ògiri yàrá, á ní kí ògiri bá òun bẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ilé mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, nítorí ẹ̀rín wọn a máa gba ojú fèrèsé jáde.

Ní ọdún 2016, ẹsẹ̀ náà tún kú, kò sì mọ sí ẹsẹ̀ mọ́. Ó gun orúnkún, ó gun itan, ó dé ìbàdí. Nílé Yorùbá, ẹsẹ̀ tó bá kú, omi gbígbóná la fi ń jí i. Misbau á se omi, á ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, á fún un, á sì máa fi tẹ itan ìyàwó rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Bó bá ti ṣe é tán, Bilkis kò ní lè dìde rárá. Wọ́n rò pé omi ni kò gbóná tó. Wọ́n á tún gbé e padà sórí iná.

Nígbẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ńlá kan ní apá Alakahia ni wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà pe orúkọ àìsàn náà: multiple sclerosis. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí nínú wọn. Ẹ́mẹ́ẹ̀sì (MS) ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló yí ìjà padà sí ara, tí wọ́n ń jẹ awọ tó bo iṣan ìmọ̀lára, bí ìgbà tí rọ́bà bá ṣí lára wáyà.

“Dókítà, ó ti yé mi,” ni Misbau wí. “Wáyà tó bọ́ra ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé òun mọ àìsàn ìyàwó òun tinú-tẹ̀yìn.

Oògùn dá àìsàn náà dúró díẹ̀. Bilkis ń fi ọ̀pá rìn. Ó wá ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ọwọ́ yí, èyí tó ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tó bá lọ rí dókítà, wọ́n á bi í nípa ojú, wọ́n á bi í nípa ẹsẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó ń sùn. Kò sẹ́ni tó bi í nípa ọkọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sì rèé. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ nínípọn wé Bilkis ní ìwé-dì-pinpin. Tí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án níbẹ̀, ojú ló fi ń mọ̀. Adùn tí obìnrin ń rí nínú ìbálòpọ̀ ti lọ, kò sì dágbére kó tó lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń fara dà á, ó ń ṣe bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá mọ ìyàwó rẹ̀ kì í ṣàìmọ̀ bó bá ti jáde nílé. Misbau dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bilkis, ta ni mò ń bá sùn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ara mi ti kú láti ìbàdí lọ. Mi ò mọ ọwọ́ yín lára mọ́ ni.”

“Ara tó mọ ooru, tó mọ ẹ̀fọn! Ọwọ́ mi nìkan ni kò mọ̀?”

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ìgbà náà, ó ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fi iwájú orí kan ògiri fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń ba Bilkis lẹ́rù mọ́. Ẹsẹ̀ tí kò ṣe é gbára lé, a lè fi ọ̀pá gbè é. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ọkọ rẹ̀ ti gbà lọ́kàn pé òun kọ̀ ọ́ ni, tí òun kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi ara tó ti kú jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ní ọdún 2018, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ìyá Misbau wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wọn gbé di Iléyá. Pálọ̀ ni Màmá ń sùn, pálọ̀ náà sì ni èèyàn ń gbà kọjá sí ilé ìwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé tọkọtaya tó bá sún mọ́ ara wọn gbọ́dọ̀ wẹ ìwẹ̀ jánábà kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà. Àgbà obìnrin kò nílò láti béèrè ohunkóhun nínú ilé bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ ti tó o.

“Ìyàwó,” ni Màmá wí lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, “omi kì í dún nínú ilé yìí láàárọ̀ o.”

Bilkis náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ọ̀sẹ̀ náà, ó ń jí ṣáájú ìrun, á gbé omi kaná, á gbé e kọjá níwájú Màmá, á sì máa dà á gbà-à, gbà-à, kí ẹni tó ń gbọ́ lè gbọ́. Ìwẹ̀ tí kò ní ìdí ni. Omi gbígbóná náà sì ń jẹ agbára tó kù fún un. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, kò sì lè dìde. Misbau ló gbé e jáde.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wá mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá àìsàn náà, pé omi gbígbóná lè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di òwú fún wákàtí mélòó kan. Dókítà wá fi í ránṣẹ́ sí onífísíò, ìyẹn àwọn tó ń tọ́ iṣan àti eegun sọ́nà. Ibiere lorúkọ onífísíò náà, ọmọ Okrika, obìnrin tó sanra tí ohùn rẹ̀ sì sanra jù ú lọ. Ó rán Misbau lọ ra omi tútù wá, ó fa kọ́tìnnì, ó sì fi ìdí lé bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bilkis.

“Madam, how una dey for bedroom?”

Bilkis wo ilẹ̀. Nígbà tó máa dáhùn, ẹkún ló fi dáhùn.

Ibiere kò pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tó sunkún tán, ó sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan. Pé nínú àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí, àwọn tí irú èyí ń bá fínra pọ̀, ojú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn ẹsẹ̀ Bilkis. Ó ní iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá, pé ibi tí iṣan náà ti ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ni àwọn iṣan tó ń ṣàkóso ìtọ̀ àti ti abẹ́ obìnrin ti ń wọlé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi iná jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn ẹni ìsàlẹ̀ yẹn, kí àwọn ará ilé òkè lè jí. Òun ti lò ó fún àwọn tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, tí ìtọ̀ ń lé dìde bó ṣe ń lé Bilkis náà, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, àwọn oníwàádìí nílẹ̀ òkèèrè ti dán an wò. Àwọn obìnrin kan ní ara àwọn yàtọ̀, àwọn kan ní kò sí nǹkan kan, àwọn tí wọ́n sì fi dán an wò kò pọ̀.

“I no go lie give you,” ni Ibiere wí. “E fit work. E fit no work. We go try am.”

Ó lẹ pádì méjì tí wáyà ẹ̀rọ náà wà lára wọn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi bírò fa àmì yí ibẹ̀ ká. Ó yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀ títí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fi tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni kó máa mọ bó bá gbé ẹ̀rọ náà délé. Ó tún kìlọ̀ pé kí Bilkis fi ojú ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà, torí pé ara tó ti kú kì í ké gbàjarè.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lò ó nílé, Màmá ló rí i.

“Misbau! Misbau o! Wá wo ìyàwó rẹ, ó ti so ara rẹ̀ mọ́ná!”

“Màmá, bátìrì ni. Kì í ṣe iná NEPA.”

“Bátìrì náà ń pa èèyàn.”

“Ká ní bátìrì ń pa èèyàn ni, ẹ ò bá ti sin mí tipẹ́.”

Misbau gba pádì náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì. Àtàǹpàkò rẹ̀ fò sókè. “Yéè!” ló ké. Aaliyah ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀: “Daddy, your toe dey dance!” Bilkis náà rẹ́rìn-ín. Màmá náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra; ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé nínú pálọ̀ yẹn.

Nígbà tí Màmá lọ ṣe àlùwàlá, Misbau bi í pé kí ni ẹ̀rọ náà wà fún.

“Fún ìtọ̀,” ni Bilkis wí. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìyókù.

Ọkọ rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. “Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kó padà?”

“Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni í so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nítorí ohun tí kò fẹ́?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Misbau létí. Síbẹ̀, kò gbà á gbọ́ tán.

Iléyá ń bọ̀. Màmá ti bá àwọn òbí Roqeebah, ọmọbìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gba fíríìdọ̀mù irun dídì, sọ̀rọ̀ kí Misbau lè fi í ṣe ìyàwó kejì. Níwájú Bilkis ló ti sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ tìkàtìkà. “Ìyàwó, mi ò ní kí o lọ síbì kankan. Èèyàn méjì á máa tọ́jú ọkọ, ọ̀kan nínú wọn á sì máa tọ́jú rẹ. Misbau, kí n tó wọkọ̀ ni kí o fún mi lésì.”

Misbau ní òun ti gbọ́. Kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí Bilkis kò mọ̀ nígbà náà ni pé kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìyàwó tó fi ẹ̀rín gba ojú fèrèsé ni ó fẹ́, ó sì fẹ́ kí ó dé kí Màmá tó lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ìtọ̀ ti rọlẹ̀, Bilkis kì í sáré dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ tiwọn, kò tíì sí ìyàtọ̀.

Misbau bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ rò ó. Bátìrì ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, iná kékeré á fi gbogbo ọjọ́ jí i. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ bá ń kánjú, ríwáyà á gbé ṣájà sókè. Ó rò pé obìnrin Okrika yẹn kàn ń bẹ̀rù ni.

Ó ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Òjò ti dá, Màmá lọ kí ará ilú rẹ̀ kan ní Alakahia, Aaliyah bá a lọ. Bilkis jókòó sórí ẹní pẹ̀lú pádì lẹ́sẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ kan, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Misbau jókòó tì í, ó ní òun á bá a ṣọ́ ẹ̀rọ. Ó yí bọ́tìnnì sókè. Àtàǹpàkò tẹ̀. Ó tún yí i. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ ká kò. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì rò pé kò tíì tó, ló bá tún yí i. Pádì kan ti gbẹ, etí rẹ̀ ti ṣí, ó fi jẹ́ pé ojú kékeré kan ni gbogbo iná náà ń gbà wọlé. Misbau kò wo ìyẹn. Bilkis ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún un, obìnrin tó ní kí wọ́n rán aṣọ ọmọ òun tóbi kó lè wọ̀ ọ́ dé yunifásítì, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àkókò pé, ó pa ẹ̀rọ, ó ṣí pádì. Awọ ara bá pádì wá.

“Bilkis.”

“Ẹ̀n?”

“Kò dùn ẹ́?”

“Kí ni?” Ó ṣì ń fa òwú.

Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó gbójú sókè, ó rí ojú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Subuhánállàhì! Kí lẹ ṣe?”

“Mo gbé e sókè.” Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. “Mo gbé e sókè gan-an. O ò mọ̀ ọ́n. O jókòó, ò ń bá mi rẹ́rìn-ín, o ò mọ̀ ọ́n.”

“Mo ti sọ fún yín.”

“O ti sọ fún mi.”

“Mo sọ ọ́, mo tún un sọ! Àfi kí n jóná kí ẹ tó gbà mí gbọ́?”

Ó ju aṣọ náà nù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìbínú ni ẹkún tó sun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìbínú tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Misbau kò bẹ ògiri. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tó jóná náà mú sókè kúrò lára ẹní, ó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ibiere wo ojú ọgbẹ́ náà, ó wo àwọn méjèèjì.

“Who turn this thing?”

“Na me, ma.”

“You be doctor?”

“I be rewire.”

“Ehen! Na im make you dey charge am.” Ó wẹ ojú ọgbẹ́ náà kó tó tún sọ̀rọ̀. “Oga, your wife no be battery. Person wey dey sleep, you dey take slap wake am?”

“No, ma.”

Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ kó jinná; ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n máa lò. Ó fi pádì tuntun hàn Misbau, ó fi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò hàn án. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, ó bi Misbau léèrè: láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ti bi ìyàwó rẹ̀ rí ibi tí ó ti ṣì ń mọ ọwọ́ lára? Misbau wo ilẹ̀. Ibiere ní kó lọ bi í, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Iléyá kọjá, Màmá di ẹrù rẹ̀. Ó ní, “Misbau, kí ni kí n wí fún àwọn ará ilé Roqeebah?”

“Ẹ ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn, Màmá.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo jó ẹsẹ̀ Bilkis, kò mọ̀. Mo ti ń bá a bínú láti ọjọ́ yìí lórí ohun tí kò mọ̀ lára.”

Màmá wo báńdéèjì tó wà lẹ́sẹ̀ Bilkis. “Ìwọ lo mọ̀,” ló wí. “Èmi ò lè dúró ti ọ̀rọ̀ tí kò yé mi. Ṣùgbọ́n tó bá ká ọ mọ́ lọ́la, má pè mí.”

“Mi ò ní pè yín, Màmá.”

Ó bínú lọ díẹ̀, ó sì gbàdúrà fún wọn kó tó wọkọ̀. Méjèèjì ló ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Aaliyah wà ní ilé-kéwú. Misbau lẹ pádì mọ́ ẹsẹ̀ òsì Bilkis. Ó yí bọ́tìnnì, àtàǹpàkò tẹ̀, ó yọwọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í.

“Ẹ ti fẹ́ bi mí láti ọjọ́ Ajé,” ni Bilkis wí. “Ẹ bi mí.”

“Níbo lo ti ń mọ̀ ọ́n?”

Bilkis fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Misbau fi ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń béèrè bó ṣe ń lọ, Bilkis ń dáhùn: ibí yìí mọ̀ ọ́n, ibí yìí mọ̀ ọ́n, ibí yìí dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ẹ̀wù méjì.

“Bí a ṣe ń wá ibi tí iná ti já nínú ọkọ̀ náà nìyí,” ni Misbau wí. “Láti ẹnu bátìrì ni—”

“Ẹ má tún pè mí ní ọkọ̀ o.”

“Má bínú.” Ó tún sọ̀ kalẹ̀. “Ibí ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Ibí?”

“Kò sí.”

“Ibí yìí?”

Bilkis fẹ́ sọ pé kò sí. Kò sọ ọ́. Ó di ojú rẹ̀ kó má baà jẹ́ ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n.

“Ẹ dúró. Ẹ padà síbẹ̀.”

Ọwọ́ náà padà.

“Ṣé ẹ̀rọ yìí ló ti ń ṣiṣẹ́ ni?”

“Mi ò mọ̀,” ni Bilkis wí. “Ẹ ti ilẹ̀kùn ná.”